Àjẹṣẹ́kù: Ìtàn Owó Ìgbéyàwó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ gbéra láti Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ẹ gba Ring Road lọ sí Challenge. Tàbí kí ẹ kọjú sí ìhà kejì ìlú, kí ẹ ti Agbowó wọ Bódìjà. Ẹ óò rí àtíbàbà tí a ta sí ojú pópó àti sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ óò gbọ́ ìlù dùndún. Ẹ óò rí ọ̀wọ́ ènìyàn nínú aṣọ ẹbí, gèlè àwọn obìnrin yóò ga, agbádá àwọn ọkùnrin yóò sì máa gbá ilẹ̀. Òórùn ọbẹ̀ yóò pàdé yín ní ọ̀nà kí ẹ tó dé ibi tí a ti ń sè é. Ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe. Ohun ayọ̀ ni, kò sì sí ọmọ Yorùbá rere tí inú rẹ̀ kì í dùn sí i.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àlejò kì í bèèrè: níbo ni owó gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti wá? Bí ó bá jẹ́ owó tí a ti kó jọ ni, ọjọ́ Ajé yóò bá ọkọ àti ìyàwó níbi tí wọ́n gbé ń ka ẹ̀bùn wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Bí ó bá jẹ́ owó tí a yá ni, ọjọ́ Ajé náà yóò bá olówó lẹ́nu ọ̀nà.

N kò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti bu ẹnu àtẹ́ lu ayẹyẹ. Àwọn baba wa wí pé ènìyàn ni aṣọ, a kì í sì í fi ìyàwó wọlé ní bòńkẹ́lẹ́ bí ẹni jí i gbé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ owó ìgbéyàwó ní ìtàn ní ilẹ̀ wa, ìtàn náà sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí kò yí padà: ayẹyẹ tí a kò san owó rẹ̀ kí ó tó dé, ẹnìkan ni yóò san án lẹ́yìn rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ẹni tí kò jẹ, tí kò sì mu níbẹ̀ ni yóò san án.

Ní ayé àtijọ́, a kì í gbé ìyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Samuel Johnson, àlùfáà tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti ní Ọ̀yọ́, kọ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá sínú ìwé ńlá kan tí ó parí ní 1897. Ìwé náà sọnù lẹ́yìn tí ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó sì ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù jọ títí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Nínú ìwé náà ni a ti kà pé ìpele mẹ́ta ni ìgbéyàwó ní. Èkíní ni kí a ti fi ojú sí ọmọ náà, kí àwọn òbí rẹ̀ sì gbọ́. Èkejì ni ìṣíhùn, èyí tí í ṣe àdéhùn ní gbangba. Ẹ̀kẹta ni ìgbéyàwó fúnra rẹ̀.

Ọdún púpọ̀ ni ó máa ń wà láàárín èkíní àti ẹ̀kẹta. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ àfẹ́sọ́nà ń sin àna rẹ̀. Bí iṣu tuntun bá jáde, yóò ru díẹ̀ lọ. Bí àgbàdo bá gbó, yóò mú nínú rẹ̀ lọ. Bí àna bá fẹ́ ro oko, tàbí tí ó fẹ́ bo òrùlé ilé rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, wọn yóò sì lọ ṣe ọ̀wẹ̀ fún un. Nígbà tí ọ̀ràn bá sì kan ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ náà, òun pẹ̀lú yóò gbé ọkọ́ rẹ̀, yóò tẹ̀lé e.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú àṣà yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní owó nínú àpò lè gbé ìyàwó, nítorí pé kò sí ẹni tí ó retí pé kí ó mú gbogbo nǹkan wá lẹ́ẹ̀kan náà. A pín ẹrù náà sí ọdún púpọ̀, a sì tún pín in fún èjìká púpọ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìfètò-sí-owó ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu àti ebè ni a fi ṣe é. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ọgbọ́n kan náà ni ó bí èsúsú. Ẹ ti gbọ́ nípa àáró: bí ọkùnrin mẹ́fà bá ń ṣe àáró, gbogbo wọn yóò ro oko ẹni kìíní lónìí, wọn yóò ro ti ẹni kejì lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Àáró tí a fi owó ṣe ni èsúsú. Johnson mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀, ó sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa kí òyìnbó tó kọ́ ilé ìfowópamọ́ kankan síbẹ̀. Owó ẹyọ ni a ń ná nígbà náà. Ogójì owó ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ó ṣòro fún tálákà láti kó ọ̀kẹ́ kan jọ nínú ilé rẹ̀, nítorí ẹnu púpọ̀ ni ó ń jẹ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 12 bá fi ohùn ṣọ̀kan láti máa dá ẹgbàá kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹgbàá méjìlá ni ẹni tí ó kàn yóò kó. Èyí ju ọ̀kẹ́ kan lọ. Bí ó bá fẹ́ fi ṣe ìdána, ó ti tó o. Kò sí èlé lórí rẹ̀. Òtítọ́ ni ohun ìdógò, nítorí ẹni tí ó bá kó èsúsú tán tí ó sì sá, orúkọ ìdílé rẹ̀ ni ó tà.

Èsúsú yìí lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bá àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú dá òkun kọjá. Ní erékùṣù Trinidad títí di òní, sou-sou ni wọ́n ń pe irú ìdáwójọ bẹ́ẹ̀. Ní erékùṣù Bahamas, asue ni. Àwọn tí a gba òmìnira, aṣọ àti orúkọ lọ́wọ́ wọn kò gbàgbé bí a ti ń fi owó pamọ́ pẹ̀lú ẹnìkejì ẹni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn tún wà ní ayé àtijọ́, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́ fún yín. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní sùúrù, kì í sì í ṣe gbogbo ìnáwó ni ó ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí baba kan bá fẹ́ owó ńlá ní kíákíá, ìbáà ṣe fún ìsìnkú, ìbáà ṣe fún ìgbéyàwó, ìbáà ṣe láti fi san gbèsè mìíràn, ó lè tọ olówó lọ, kí ó sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ olómìnira ni, a kò sì lè tà á. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó kò dín gbèsè náà kù rárá. Iṣẹ́ náà dúró fún èlé nìkan. Odindi owó tí a yá ni a gbọ́dọ̀ san kí ìwọ̀fà tó lè padà sí ilé.

Ẹ fi ojú inú wo ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ yín, ọmọ ọdún 14. Baba rẹ̀ ti yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbé ìyàwó pẹ̀lú ìlù àti ẹran, kí àwọn ará àdúgbò má baà fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Òun ni a fi ṣe ìwọ̀fà. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ sí oko baba wọn ní òwúrọ̀, oko olówó ni òun ń lọ kọ ebè. Ọdún kan kọjá, gbèsè náà jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta kọjá, ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni. Ìyàwó tí a gbé ti bí ọmọ méjì, àwọn tí ó jẹ ẹran ọjọ́ náà ti gbàgbé bí ó ti dùn tó, aṣọ tí wọ́n wọ̀ ti gbó. Ọmọ náà di ẹni ogún ọdún. Ó yẹ kí òun pẹ̀lú máa ronú aya, ṣùgbọ́n gbèsè tí òun kò jẹ kò tí ì dín ní owó ẹyọ kan. Ẹnikẹ́ni kò lù ú, ẹnikẹ́ni kò sì dè é. Ọjọ́ kan ayọ̀ ẹlòmíràn ni ó gba ìgbà èwe rẹ̀.

N kò sọ pé ọmọ kan báyìí ni èyí ṣẹlẹ̀ sí. Mo ń sọ bí ètò náà ti rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ìlàjì àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún ogún ni àṣà ìwọ̀fà parẹ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí òfin ìjọba dojú kọ ọ́, tí owó kòkó àti owó oṣù sì ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀.

Gbèsè tún ní ẹ̀ṣín nínú. Johnson sọ nípa ológò, ẹni tí olówó máa ń rán láti lọ dógò ti onígbèsè. Ológò yóò wọ inú ilé, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò máa sọ̀rọ̀ ìwọ̀sí, yóò sì máa mú adìẹ tàbí ohun jíjẹ tí ó bá rí, títí gbogbo ilé yóò fi wá owó náà kí wọn lè rí ìsinmi. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún dé, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń lọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń ta aṣọ láwìn. Bí ọjọ́ ìsanwó bá pé, wọn a lóṣòó sí ojúde oníbàárà wọn, wọn a ní lórí òṣòó ni àwọn yóò wà títí owó àwọn yóò fi pé. Láti inú èyí ni orúkọ wọn, Òṣómàálò, ti jáde. Òwò wọn jẹ́ òwò òtítọ́, ó sì sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ọlọ́rọ̀. Ìlàágùn wọn ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ẹni tí ó ra aṣọ ayẹyẹ láwìn, tí ó jó nínú rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, tí àwọn ènìyàn kan náà sì wá ń wo ẹni tí ó lóṣòó sí ojúde rẹ̀. Àwọn àgbà ti wí pé ẹ̀wù àgbàwọ̀ kì í yẹ ni. Ohun ẹni ni í bá ni mu rẹ́múrẹ́mú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo bí Ìbàdàn tuntun ti dé. Ní 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn. Kòkó ń jáde láti oko, owó sì ń wọlé. Àwọn akọ̀wé, àwọn olùkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ní oṣooṣù, ìhà Dùgbẹ̀ sì di ibi òwò ńlá. Ẹni tí ń gba owó oṣù kò ní oko tí yóò fi sin àna; owó ni àna ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Àkókò tí ó ti wà láàárín ìṣíhùn àti ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, ìnáwó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí ọjọ́ kan. Níbẹ̀ ni ewu ti wọlé: ẹrù ọdún mẹ́wàá di ẹrù ọjọ́ kan, lórí ẹnìkan ṣoṣo.

Ìdáhùn tí àwọn ọlọ́gbọ́n rí sí èyí kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ní òkè òkun, àwọn ahunṣọ ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ ní 1844, Friedrich Wilhelm Raiffeisen sì ti kọ́ àwọn àgbẹ̀ Jámánì láti máa kó owó jọ kí wọn sì máa yá ara wọn, kí wọn lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ń fi owó gba èlé àgbàpa. Ní 1934, C. F. Strickland, tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Íńdíà, kọ ìmọ̀ràn fún ìjọba Nàìjíríà. Ní 1935, a ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ní 1937, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó Gbẹ́dùn ní agbègbè Ìbàdàn fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà. Nígbà tí ó di 1953, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti lágbára tó láti ní ilé ìfowópamọ́ tiwọn ní Ìbàdàn, èyí tí ó ṣiṣẹ́ títí ó fi dà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn ní 2006. Òyìnbó mú òfin àti ìwé àkọsílẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wa ti mọ èsúsú tẹ́lẹ̀. Wọ́n rí ojú rẹ̀ nínú ohun tuntun náà.

Ẹ tẹ́tí sí orúkọ tí Yorùbá fún un: àjẹṣẹ́kù. Kò túmọ̀ sí àìjẹ. Ẹni tí ó jẹ ni, tí ó sì jẹ́ kí ó ṣẹ́kù. Ahun kò jẹ. Àpà jẹ, kò ṣẹ́kù. Ọlọ́gbọ́n jẹ, ó sì ṣẹ́kù. Òwe wa tí ó wí pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń sọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ohun tí ìṣẹ́kù lè ṣe, ẹ gbé ojú sókè ní Dùgbẹ̀. Ilé Kòkó, tí ó ní àjà 26, tí a parí ní 1965, láti inú owó ohun ọ̀gbìn bíi kòkó ni a ti kọ́ ọ. Àpò kòkó kan kò lè kọ́ ilé. Àpò tí a ń kó jọ lọ́dọọdún ni ó kọ́ ọ.

Àwọn tí kò ní owó oṣù, alájọ ni tiwọn. Ẹ mọ̀ wọ́n: wọn a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ ní ọjà, wọn a gba owó kékeré lọ́wọ́ oníṣòwò lójoojúmọ́, wọn a sì fa ìlà sí káàdì rẹ̀. Bí ó bá ń dá ₦500 ní ojúmọ́ kan, tí káàdì ojú 31 sì kún, owó náà di ₦15,500. Alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì dá ₦15,000 padà. Ta ni kò mọ àṣàyàn ọ̀rọ̀ tí ó wí pé orí ẹnìkan pé bí ti Alájọ Ṣómólú, tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́? Ènìyàn tòótọ́ ni, Alphaeus Táíwò Olúnáíkè ni orúkọ rẹ̀, ó sì kú ní 2012. Àwọn kan lè rò pé ìwà òmùgọ̀ ni kí a ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ni ó lè gba ọ̀nà tóóró dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó mọ ohun tí iṣẹ́ òun ń fẹ́, kò sì wo ohun tí ojú ayé ń wò. Ìbá dára bí ẹni tí ń múra ìgbéyàwó bá lè ronú bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin lè bi mí pé, báwo ni a ṣe lè ṣe é lóde òní? Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Iye owó ọjà máa ń yí padà, nítorí náà ọ̀nà ìṣirò náà ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe iye tí mo kọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé olùkọ́ kan ń gbé ní Agbowó, nítòsí Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì fẹ́ gbé aránṣọbìnrin kan tí ó ní ìsọ̀ ní Challenge níyàwó. Wọ́n fi ọdún méjì sí i. Olùkọ́ ń fi ₦25,000 sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní oṣooṣù. Aránṣọ ń dá àjọ ₦500 lójoojúmọ́, èyí tí ń fún un ní nǹkan bí ₦15,000 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦40,000 ní oṣù kan, ₦960,000 ní oṣù 24.

Wọ́n jókòó, wọ́n sì pín in kí wọn tó ná kọ́bọ̀ kan. Ẹrù ìdána gba ₦250,000. Oúnjẹ gba ₦350,000. Aṣọ gba ₦120,000. Àtíbàbà àti àga gba ₦80,000. Ìwé ìgbéyàwó àti ayàwòrán gba ₦60,000. Ìyókù, ₦100,000, wọn kò dárúkọ iṣẹ́ kankan fún un. Ó wà fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá sì ṣẹlẹ̀, òun ni ìṣẹ́kù tí yóò bá wọn wọ ilé.

Ẹ óò ti rí i pé owó ilé kò sí nínú ìṣirò náà. Wọ́n ti yà á sọ́tọ̀ ná. Ọjọ́ kan ni ayẹyẹ, ọjọ́ 365 ni ọdún kan tí a óò fi gbé inú ilé. Ẹni tí ó bá fi owó ilé ra màlúù ti jẹ òrùlé rẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí i pé nínú gbogbo ìnáwó wọ̀nyí, oúnjẹ ni ó tóbi jù, iye àlejò ni ó sì ń sọ iye oúnjẹ. Bí àlejò 150 bá di 300, kò sí ọgbọ́n ìdáná kan tí ó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìnáwó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, iye àlejò ni kí àwọn ìdílé méjèèjì kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí wọn sì ṣe é ní ìtùnbí-ìnùbí, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dá pe àlejò ní kọ̀rọ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Nǹkan mìíràn ni pé owó tí a tọ́jú ní ọ̀tá. Láti 1973 tí a ti fi náírà rọ́pò pọ́n-ùn, tí pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì, agbára owó wa ti dín kù púpọ̀púpọ̀. Nítorí èyí, ẹni tí ó gbọ́n a máa fi díẹ̀ nínú owó rẹ̀ ra ohun tí kì í bàjẹ́ ní kùtùkùtù, gẹ́gẹ́ bí aṣọ àti àwọn ohun èlò ilé, a sì lọ sí ọjà Bódìjà nígbà tí ohun oko bá pọ̀ láti ra èyí tí ó ṣe é tọ́jú. Ẹ rántí pẹ̀lú bí owó bébà ti wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ owó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní owó ṣùgbọ́n tí wọn kò rí i ná. Kò yẹ kí a kó gbogbo ohun ìní ẹni sínú àpótí kan ṣoṣo, ìbáà ṣe kólo, ìbáà ṣe ilé ìfowópamọ́.

Ní ti owó tí a ń fọ́n lé ara wa lórí ní òde ijó, òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti 2007 kọ̀ ọ́: ẹni tí a bá dá lẹ́bi lè ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ̀bùn tí a dì sínú àpò ìwé tí a sì fi lé ìyàwó lọ́wọ́ kò rú òfin, ó sì wúlò ju èyí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ.

Bóyá ẹnìkan nínú yín yóò wí pé, "Bí mo bá ṣe kékeré, kí ni àwọn ènìyàn yóò sọ?" Ìbéèrè yìí ti dàgbà. Baba ọmọ tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lókè náà bèèrè rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì sọ ọmọ rẹ̀ di ìwọ̀fà. Àwọn ènìyàn yóò sọ ohun tí wọn yóò sọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ Ajé, wọn yóò ti lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Àṣà ìwọ̀fà ti kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ kò tí ì kú tán. Ọkọ tí ó bá yá owó ìgbéyàwó, tí èlé sì ń gba owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta gbáko, ó ń kọ ebè ní oko olówó. Ọmọ tí a bí sínú gbèsè náà, tí a kò rí owó ilé-ìwé rẹ̀ san, òun ni ó ń san owó ẹran tí kò tọ́ wò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ọjọ́ ìgbéyàwó yín tilẹ̀ jìnnà, ìwà tí ẹ óò fi ṣe é ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹni tí kò lè fi ₦50 sílẹ̀ nínú owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ kò ní lè fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ẹ ra kólo. Ẹ bá ọ̀rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé dá èsúsú kékeré, kí ẹ sì mú ọjọ́ rẹ̀ ṣẹ bí ẹni pé ìbúra ni. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà sílẹ̀ kí ẹ tó rà á. Nígbà tí ọjọ́ náà bá sì dé, kí ẹ ṣe ayẹyẹ yín. Ẹ jẹ́ kí dùndún dún, kí ẹbí pé, kí àlejò jẹ kí ó yó. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó ṣẹ́kù.